Bí Ìgbìmọ̀ Scrutiny Ṣe Ń Bi Àjọṣepọ̀ Ọrọ̀ Ajé Léèrè ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Káńsẹ́lọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìgbìmọ̀ Scrutiny, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn káńsẹ́lọ̀ tó ń yẹ ìpinnu àwọn aláṣẹ wò, la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti ará àdúgbò tó ń san owó káńsù tó sì fẹ́ mọ ọ̀nà tí owó ìdàgbàsókè àti owó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ń gbà nínú àjọṣepọ̀ káńsù, oníṣòwò àti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé ní Peckham, Woolwich, Thamesmead àti Manchester. Ọmọ wọn ń wá apprenticeship, àwọn fúnra wọn ń wá kọ́ọ̀sì tí yóò gbé wọn kúrò nídìí iṣẹ́ owó kékeré. Ọ̀rọ̀ owó yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun méjì ló máa ń sọ iṣẹ́ Scrutiny di asán lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé ìgbìmọ̀ máa ń dé nígbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí owó tán. Èkejì ni pé iye ènìyàn tó wọ kíláàsì ni wọ́n máa ń béèrè, wọn kì í béèrè iye tó rí iṣẹ́ tó sì ṣì wà nídìí rẹ̀. Ohun gbogbo tó wà nísàlẹ̀ yìí, ojútùú sí ohun méjì náà ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀

Àjọ 9 tí wọ́n ń pè ní Regional Development Agency ló ń bójú tó ọrọ̀ ajé ẹkùn kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ìjọba tó wọlé ní 2010 pinnu láti tú wọn ká, wọ́n sì kógbá sílé ní 2012. Local Enterprise Partnership, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní LEP, ló rọ́pò wọn. LEP tó 39 níbẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò ló ń ṣe alága, àwọn olórí káńsù sì ń jókòó pẹ̀lú wọn. Aráàlú kò dìbò yan ìgbìmọ̀ LEP, síbẹ̀ nípasẹ̀ wọn ni ìjọba àpapọ̀ ná èyí tó pọ̀ jù nínú Local Growth Fund, tó jẹ́ bílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn, láàárín 2015 sí 2021. Láti April 2024 ni ìjọba ti dáwọ́ owó LEP dúró, tí iṣẹ́ wọn sì bọ́ sọ́wọ́ káńsù àti combined authority, ìyẹn àjọ tí káńsù mélòó kan para pọ̀ dá sílẹ̀.

Lónìí, owó náà pín sí ọwọ́ púpọ̀. Combined authority wà, èyí tí Greater Manchester jẹ́ àkọ́kọ́ nínú wọn ní April 2011. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní Méyọ̀. Owó ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ti ń lọ tààrà sọ́dọ̀ Méyọ̀ London àti àwọn combined authority kan láti August 2019. Adult Skills Fund ni wọ́n ń pè é láti August 2024. Òfin Skills and Post-16 Education ti 2022 tún mú Local Skills Improvement Plan wá, ìyẹn ìwé tó ń sọ irú òye tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń wá ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ ló ń kọ ọ́, lọ́pọ̀ ibi Chamber of Commerce ni. Ní London, BusinessLDN ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìgbìmọ̀ alákòóso tirẹ̀. UK Shared Prosperity Fund, bílíọ̀nù 2.6 pọ́n-ùn láti 2022 títí di March 2025 kí wọ́n tó fi ọdún kan kún un, ọwọ́ káńsù ló gbà lọ́pọ̀ ibi.

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ fa òpó mẹ́rin sí i. Òpó kìíní: orúkọ owó náà. Òpó kejì: ta ló ń gbani nímọ̀ràn lórí rẹ̀? Òpó kẹta: ta ló ń fọwọ́ sí i? Òpó kẹrin: ọ̀gá ìṣúná wo, ìyẹn Section 151 officer, ló máa jẹ́jọ́ rẹ̀ bí owó náà bá sọnù? Ẹ kọ ọ́ fún owó kọ̀ọ̀kan tó wọ agbègbè yín. Òpó tí òṣìṣẹ́ káńsù kò bá rí nǹkan kọ sí, ibẹ̀ gan-an ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ìgbìmọ̀ pe àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn, kí wọ́n fi wákàtí méjì bá wọn sọ̀rọ̀, kí àwọn yẹn sì dáhùn ní ìparí pé kì í ṣe àwọn ló fọwọ́ sí i.

Agbára tí òfin gbé lé yín lọ́wọ́

Òfin Local Government ti 2000 ló dá Scrutiny sílẹ̀. Apá 9F nínú rẹ̀ gbà yín láyè láti yẹ ohunkóhun wò tó bá kan agbègbè yín tàbí àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ìbáà jẹ́ pé káńsù kọ́ ló ń ṣe é. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọ̀rọ̀ àjọṣepọ̀ ẹkùn kò kàn yín, ẹ tọ́ka sí apá 9F.

Ṣùgbọ́n agbára náà ní òdiwọ̀n. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ àti òṣìṣẹ́ káńsù yín, ẹ lè pàṣẹ pé kí wọ́n wá. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, Chamber tàbí ilé iṣẹ́ aládàáni, ìwé ìpè lásán lẹ lè fi ránṣẹ́. Ẹ ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kí ẹ kọ ìbéèrè sínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé bí wọn kò bá lè wá, ìdáhùn lórí ìwé tó. Bí wọ́n bá kọ̀ pátápátá, ẹ kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ yín bẹ́ẹ̀, láìfi ìbínú kọ ọ́.

Ọmọ ìgbìmọ̀ Scrutiny tó bá béèrè ìwé tó jẹ mọ́ ìpinnu ìgbìmọ̀ aláṣẹ káńsù tó ń yẹ̀ wò lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ rí i gbà kí ọjọ́ 10 tó pé, gẹ́gẹ́ bí ìlànà 2012 ṣe wí. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè fún yín, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ìpinnu ńlá, tí wọ́n ń pè ní key decision, gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìkéde fún ọjọ́ 28 kí wọ́n tó ṣe é. Ìkéde yẹn ni ẹnu ọ̀nà yín. Kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ máa fi ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù, kí ẹ sì máa wá ọ̀rọ̀ bíi grant, skills, loan àti joint venture nínú rẹ̀.

Ní combined authority, òfin 2017 fi nǹkan kún un. Alága Scrutiny kò gbọ́dọ̀ wá láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú Méyọ̀. Ìgbìmọ̀ lè pàṣẹ pé kí wọ́n dá ìpinnu kan dúró fún ọjọ́ tí kò ju 14 lọ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìjókòó kí ìpàdé tó lè dúró lábẹ́ òfin, ibẹ̀ sì ni ó ti máa ń dàrú. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ń wá láti káńsù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀nà jìn, ìpàdé káńsù tiwọn náà wà lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Bí ẹnì kan bá dín, ìpàdé di ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lásán, ìpinnu sì ń lọ láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kí káńsù kọ̀ọ̀kan yan arọ́pò, kí akọ̀wé sì ka iye àwọn tó ń bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ a kò rí ohun tó ń pa iṣẹ́ Scrutiny ẹkùn tó èyí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò

Ẹ má kọ sórí ìwé pé ẹ fẹ́ yẹ “ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé ẹkùn” wò. Ọdún kan á pé, ẹ ò ní rí nǹkan kan mú jáde. Ìbéèrè tó dára máa ń ní owó kan, àwọn ènìyàn kan àti àkókò kan nínú: “Nínú owó Adult Skills Fund tó wọ agbègbè wa ní ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá, èló ló dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti lé ní ọdún 25 tí wọn kò ní ìwé ẹ̀rí Level 2 (ìyẹn ìpele GCSE), kí ló sì yọrí sí fún wọn?” Ìyẹn ṣe é dáhùn.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ ètò iṣẹ́ yín sí: ìbéèrè, ìdí tó fi ṣe pàtàkì, ẹni tí ẹ ó pè, ìwé tí ẹ nílò, ọjọ́ tí ẹ ó parí, àti ohun tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn. Ìlà ìkẹyìn yẹn ṣe kókó, nítorí òun ló máa dá ọmọ ìgbìmọ̀ tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ òpópónà àdúgbò rẹ̀ padà sójú ọ̀nà. Oṣù mẹ́ta tó, ìjókòó mẹ́ta tó.

Kí káńsẹ́lọ̀ tó bá wà nínú ìgbìmọ̀ alákòóso kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí nínú àjọṣepọ̀ náà sọ ọ́ síta ní ọjọ́ kìíní, kí ó sì yẹra níbi tó bá yẹ. Ẹgbẹ́ òṣèlú kò sì gbọ́dọ̀ pàṣẹ bí ọmọ wọn ṣe máa dìbò níbẹ̀.

Ìwé tí ẹ ó béèrè, àti bí ẹ ó ṣe kà á

Àlàyé orí PowerPoint kò tó. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ fún owó, ìyẹn business case. Àdéhùn owó, ìyẹn grant agreement. Ìròyìn ìtẹ̀síwájú tí wọ́n ń kọ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àti ìwé ewu, ìyẹn risk register. Ẹ tún wo ìwé tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fi sọ dúkìá wọn àti ibi tí wọ́n ti ní àǹfààní tara wọn síta.

Ẹ ka business case àti ìròyìn oṣù mẹ́ta papọ̀, kí ẹ fi ìka tẹ nọ́ńbà kan náà nínú méjèèjì. Bí ìwé àkọ́kọ́ bá sọ pé iṣẹ́ 300 ni yóò wá, tí ìròyìn wá ń sọ̀rọ̀ “iṣẹ́ tí a dá tàbí tí a dáàbò bò,” wọ́n ti yí òdiwọ̀n padà. Iṣẹ́ tí wọ́n dáàbò bò ni iṣẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ní ì bá ti parẹ́. Ó ṣòro gan-an láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ béèrè kí wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ tún béèrè bóyá iṣẹ́ náà jẹ́ tuntun ní ẹkùn, tàbí ilé ìkẹ́rù kan ló kó láti káńsù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá sí tiyín. Bí ó bá jẹ́ pé ó kó wá ni, ẹkùn kò jèrè nǹkan kan. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá iṣẹ́ ọjọ́ gbogbo ni àbí ti wákàtí díẹ̀.

Owó tí alábàáṣepọ̀ ní òun máa fi kún un, match funding, nílò ìbéèrè tirẹ̀: ṣé owó gidi ló wọ báǹkì, àbí àkókò òṣìṣẹ́ àti iye ilẹ̀ ni wọ́n sọ di owó lórí bébà? Méjèèjì lè bófin mu, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà.

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ná owó. Owó ìjọba tó gbọ́dọ̀ tán ní March máa ń mú kí wọ́n yan iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ dípò iṣẹ́ tí aráàlú nílò. Bí ìdajì owó ọdún kan bá jáde láàárín January sí March, ẹ béèrè iṣẹ́ wo ni wọ́n fi rọ́pò èyí tí kò tètè bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó fọwọ́ sí ìyípadà náà.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́: níbi tí nọ́ńbà ti máa ń tan ènìyàn jẹ

Ẹ jẹ́ ká gbé àpẹẹrẹ kalẹ̀. Kọ́ọ̀sì kan ná 400,000 pọ́n-ùn. Ènìyàn 200 forúkọ sílẹ̀, 150 parí rẹ̀, 90 rí iṣẹ́, 40 ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ìròyìn tí wọ́n máa gbé wá fún yín á sọ pé 2,000 pọ́n-ùn ni wọ́n ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in pẹ̀lú 40: 10,000 pọ́n-ùn ni. Nọ́ńbà yẹn lè má burú, bí àwọn 40 náà bá jẹ́ ẹni tí kò ríṣẹ́ láti ọdún pípẹ́ wá. Ó burú bí wọ́n bá jẹ́ ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí yóò ríṣẹ́ láìsí kọ́ọ̀sì náà. Nítorí náà, ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ máa béèrè nígbà gbogbo: wíwọlé, píparí, rírí iṣẹ́, dídúró sí i. Lẹ́yìn náà, irú ènìyàn wo ló já bọ́ láàárín ìpele kan sí èkejì, àti kí nìdí? Owó ọkọ̀, ìtọ́jú ọmọ, àti àkókò kíláàsì tó dojú kọ àkókò iṣẹ́ alẹ́ ló máa ń jáde jù nígbà tí wọ́n bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn. Ẹ rí i pé wọ́n bi wọ́n.

Ẹ béèrè dátà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, ẹ̀yà, àti àìlera. Ọdún ẹ̀kọ́ ń lọ láti August sí July, àkọsílẹ̀ ìkẹyìn tí wọ́n ń pè ní R14 kì í sì parí títí di October. Ẹni tó bá pe ìpàdé ní September, nọ́ńbà tí kò pé ló máa gbà. November tàbí December ló dára. Kó tó di ìgbà náà, ẹ lọ sórí Nomis, ojúlé àwọn oníṣirò ìjọba tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí ẹ wo iye àwọn tó ń gba owó àìríṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín àti ìwé ẹ̀rí tí àwọn ará ibẹ̀ ní gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn 2021 ṣe fi hàn. Nígbà náà lẹ ó mọ̀ bóyá ibi tí àìní wà ni owó ń lọ.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lè gba kọ́ńtíráàtì kí ó tún gbé apá kan rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni olùgbà àkọ́kọ́ yọ kí owó tó dé kíláàsì? Kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwọn ènìyàn wa ní tààrà, tí ìgbìmọ̀ kì í sì í béèrè bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ìlànà gbogbogbò lórí owó ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni pé ẹni tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ti gbé ní UK fún ọdún 3 kí ó tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, yàtọ̀ sí àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Combined authority lè yí àwọn ìlànà kan padà ní agbègbè tirẹ̀. Ẹ béèrè èwo ni tiyín yí padà, àti iye àwọn tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ tún béèrè nípa àwọn tó ní dìgírì láti Nàìjíríà tàbí Gánà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Lórí fọ́ọ̀mù, wọ́n lè hàn bí ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, tàbí kí dìgírì wọn ti ìlẹ̀kùn kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ mọ́ wọn. Ṣé àjọṣepọ̀ náà ń rán wọn lọ sọ́dọ̀ UK ENIC, àjọ tó ń sọ ohun tí ìwé ẹ̀rí òkèèrè bá dọ́gba níhìn-ín? Ta ló ń san owó rẹ̀? Olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tó ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè wà nínú àwọn ènìyàn yìí, agbègbè sì ń kígbe pé òun kò rí wọn.

Káńsù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Agbanisíṣẹ́ tí owó oṣù tó ń san bá ju mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn lọ́dún ń san apprenticeship levy, ìyẹn owó orí tó wà fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́, 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, láti April 2017. Káńsù yín wà nínú wọn. Owó tí wọn kò bá ná kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé ń padà sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ béèrè iye tó ti padà bẹ́ẹ̀, àti iye tí wọ́n gbé fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní àdúgbò. Ẹ ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ó ṣòro láti bá Chamber wí lórí ohun tí káńsù fúnra rẹ̀ kò ṣe.

Lọ́jọ́ ìjókòó

Kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ pàdé fún ìdajì wákàtí ṣáájú láti pín ìbéèrè láàárín ara wọn. Ẹnì kan mú owó, ẹnì kan mú dátà, ẹnì kan mú ìrírí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè kúkúrú, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ìdáhùn bá jẹ́ “à ń ṣiṣẹ́ lé e lórí,” ẹ béèrè ọjọ́ tí yóò parí àti orúkọ ipò ẹni tó ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó gbọ́ jù ni pé àṣírí ìṣòwò ni. Òótọ́ ni pé Schedule 12A nínú òfin Local Government ti 1972 gba káńsù láyè láti pa ọ̀rọ̀ owó ilé iṣẹ́ kan mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú àǹfààní aráàlú. Ẹ ní kí wọ́n tọ́ka sí ìpínrọ̀ gan-an tó ní àṣírí nínú, kí ẹ sì ka ìyókù ní gbangba. Ìgbà tí ẹ bá kan ìpínrọ̀ yẹn nìkan ni kí ẹ ti ìlẹ̀kùn. Kò bófin mu kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ káńsẹ́lọ̀ Scrutiny fúnra rẹ̀ láìsí ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ohun tó wà nínú ewu kì í ṣe kékeré. Ní January 2024 ni ìjábọ̀ àwọn aṣàyẹ̀wò olómìnira jáde lórí South Tees Development Corporation àti Teesworks, ìyẹn òwò tí ìjọba àti àwọn aládàáni jọ ń ṣe lórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ irin àtijọ́ ní Teesside. Wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí ìwà ìbàjẹ́ tàbí ìrúfin, ṣùgbọ́n ètò ìṣàkóso àti àlàyé ní gbangba kò tó láti fọkàn ẹni balẹ̀ pé owó aráàlú ń rí èrè tó yẹ, wọ́n sì dá àbá 28. Ìpín nínú òwò náà ti kúrò ní ìdajì-ìdajì sí 90 fún àwọn aládàáni àti 10 fún ìjọba ní 2021. Irú ìpinnu báyìí ló yẹ kó wá síwájú Scrutiny ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i, pẹ̀lú àlàyé tó yé ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò.

Àbá tí wọn kò ní lè gbà wọlé kí wọ́n gbé tì

Mẹ́fà ni kó pọ̀ jù. “Kí àjọṣepọ̀ túbọ̀ ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́” kì í ṣe àbá, gbogbo ènìyàn á gbà á, kò sì sẹ́ni tó máa ṣe nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Kí ọ̀gá ẹ̀ka ọrọ̀ ajé, láti April tó ń bọ̀, máa gbé ìròyìn ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá fún ìgbìmọ̀ yìí lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi í sí gbogbo kọ́ńtíráàtì tuntun.” Ẹni tó máa ṣe é wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, ibi tí agbára ti ń wá, ìyẹn kọ́ńtíráàtì, wà níbẹ̀.

Ẹ fi ìwé béèrè ìdáhùn. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ní oṣù méjì láti sọ èyí tí wọ́n gbà, èyí tí wọn kò gbà, àti ìdí. Kó tó di pé ẹ fi ìjábọ̀ náà síta, ẹ fi han kọ́lẹ́ẹ̀jì àti Chamber kí wọ́n tún àṣìṣe nọ́ńbà ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí wọ́n tún èrò yín ṣe. Ẹ ti ọjọ́ àtúnyẹ̀wò sínú ètò iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, nítorí ìdìbò lè kó ìdajì ìgbìmọ̀ lọ, àwọn tuntun kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń retí ìdáhùn.

Bí ẹ kì í bá ṣe káńsẹ́lọ̀

Ìpàdé Scrutiny ṣí sílẹ̀ fún aráàlú, àjẹ́ńdà sì gbọ́dọ̀ jáde ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ṣáájú. Ọ̀pọ̀ káńsù ń gba ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ aráàlú. Ẹ wo ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ wọlé, nítorí ó máa ń yára kọjá. Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín lè gbé ọ̀rọ̀ wá sórí àjẹ́ńdà Scrutiny, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Òfin Freedom of Information fún káńsù, combined authority àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọjọ́ iṣẹ́ 20 láti dáhùn. Ẹ béèrè ìwé kan pàtó pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kì í ṣe “gbogbo ohun tó jẹ mọ́” nǹkan kan, nítorí wọ́n lè sọ pé ìyẹn á náni lówó jù kí wọ́n sì kọ̀.

Àǹfààní kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Lábẹ́ òfin Local Audit and Accountability ti 2014, káńsù gbọ́dọ̀ ṣí ìwé ìṣirò owó ọdún sílẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 30. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ lè béèrè láti wo kọ́ńtíráàtì àti ìwé ìsanwó tó so mọ́ ọdún náà, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà wọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé olùdìbò ibẹ̀ tún lè kọ ìbéèrè tààrà sí ayẹ̀wé-owó-wò tó wá láti ìta. Wọ́n máa ń gbé ìkéde náà sórí ojúlé káńsù. Ẹ wá a níbẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí àyè lè wà fún wọn láti wá ìwé náà jáde kó tó di pé ọjọ́ tán.